Ta Ló Ni Agbára Oògùn Oko?

Nígbà tí oògùn tó ti ń pa kòkòrò, àrùn tàbí èpò kan tẹ́lẹ̀ kò bá lè pa á mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ lò ó ní ìwọ̀n tó yẹ, àwọn àgbẹ̀ a máa sọ pé ó ti mọ oògùn, tàbí pé oògùn ò ràn án mọ́. Ọ̀ràn ìmọ̀ ọ̀gbìn ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀ràn ìwà, pàápàá ní irú àdúgbò bí Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáìkò, níbi tí oko ẹ̀fọ́ ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ẹni tó ra ìgò oògùn kan ra omi inú rẹ̀. Agbára omi náà kò sí nínú ìgò nìkan. Ó wà lọ́wọ́ àwọn kòkòrò tí kò tíì mọ̀ ọ́n, àwọn kòkòrò wọ̀nyí sì ń fò láti oko kan bọ́ sí òmíràn láìbèèrè ààlà. Ìbéèrè tó jẹ yọ ni pé ta ló ni agbára yẹn, àti pé kí ni ẹni tó ń ná an jẹ aládùúgbò rẹ̀ àti ọmọ tí wọn kò tíì bí.

Bí agbára oògùn ṣe ń tán

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé oògùn ló ń kọ́ kòkòrò lọ́gbọ́n, pé bí kòkòrò ṣe ń fara gbà á ni ara rẹ̀ ń le sí i. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò tó wà lórí ẹ̀fọ́, ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ wà tí àbùdá wọn ti yàtọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé tánkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn. Ibi tí májèlé ń lù nínú iṣan wọn lè rí bákan yàtọ̀. Ara wọn lè máa fọ́ májèlé sí wẹ́wẹ́ kí ó tó ṣọṣẹ́. Awọ wọn lè nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí májèlé kò fi tètè wọlé. Wọ́n sì lè máa sá fún ibi tí oògùn bá bà lé. Oògùn á pa àwọn yòókù, àwọn díẹ̀ yìí á ṣẹ́ kù, wọ́n á gun ara wọn, wọ́n á yé ẹyin, ọmọ wọn á sì jogún ohun tó gbà wọ́n là. Bí wọ́n bá tún fín oògùn kan náà, àwọn tí kò ní àbùdá yẹn á tún dín kù. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, àwọn tó kéré jù lọ tẹ́lẹ̀ á ti di èyí tó pọ̀ jù lọ. Kò sí kòkòrò kan tó yí padà nínú ayé rẹ̀. Agbo wọn ló yí padà, ọwọ́ ènìyàn ló sì ṣà wọ́n.

Kòkòrò tí ìran rẹ̀ kúrú ló ń tètè débẹ̀. Kòkòrò ajẹwé tó máa ń fi òwú ara rẹ̀ ká ewé tẹ̀tẹ̀ jọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Spoladea recurvalis, lè ti ẹyin di àgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ilẹ̀ tí òtútù kì í ti í pa kòkòrò lọ́dọọdún, ìran kan á máa gorí ìran kan láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá.

Ohun mìíràn tún wà tí orúkọ ara ìgò máa ń fi pa mọ́. Oògùn ní ìdílé. Lambda-cyhalothrin, cypermethrin àti deltamethrin lè wà nínú ìgò aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí iye owó wọn má sì dọ́gba, ṣùgbọ́n pyrethroid ni gbogbo wọn, ibì kan náà ni wọ́n sì ń lù nínú iṣan kòkòrò. Kòkòrò tó bá ti borí ọ̀kan lè tipa bẹ́ẹ̀ borí èkejì tí kò tíì rí rí. Nítorí èyí ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe oògùn fi dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní IRAC sílẹ̀ ní 1984. Ìgbìmọ̀ náà fún ìdílé oògùn kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, pyrethroid sì wà ní 3A. Ẹni tó bá fi 3A kan sílẹ̀ lọ bá 3A mìíràn, ìgò ló pààrọ̀. Kò tíì pààrọ̀ oògùn.

Oko ẹ̀fọ́ lẹ́bàá títì Àgbádárìgì

Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, lórí ilẹ̀ tó kún fún àbàtà àti omi. Títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì gba àárín àdúgbò náà kọjá. Ilé, ọjà Alábà àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ tó jẹ́ oko rí. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ tí ó sì lómi, tí ilé kò tíì dé, àwọn alákùrọ̀ ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò, ewédú, gbúre àti ugwu. Tẹ̀tẹ̀ a máa tó fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti fà á tán, wọ́n á tún da ìgbẹ́ adìẹ sí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á tún fọ́n irúgbìn, wọ́n á sì máa pọn omi kànga sí i ní ẹ̀ẹ̀rùn. Oúnjẹ kì í tipa bẹ́ẹ̀ wọ́n kòkòrò ní oṣù kankan nínú ọdún.

Ojú ọjà ló kọ́kọ́ ń ti olóko sí oògùn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé kòkòrò tó jẹ ẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́. Ìwọ̀n ni ewéko ń dára mọ. Nínú òwe yìí, ewé ni wọ́n dá lẹ́bi pé ẹwà rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n sì gbà pé kòkòrò náà ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ nínú ohun tó jáde láti inú ilẹ̀. Ọjà òde òní kò gba ìdájọ́ yẹn mọ́. Oníbàárà tó bá rí ihò lára ewé á kọjá sí igbá ẹlòmíràn, ọlọ́jà á gé owó olóko, olóko á sì padà sí ìdí tánkì. Ewé tí kò ní àbùkù kankan ni wọ́n ń bèèrè, iye oògùn tó mú un dán bẹ́ẹ̀ kò sì hàn sí ẹni tó ń rà á.

Bí wọ́n ṣe ń lo oògùn náà tún wà níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ara ìgò, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Ìdérí ìgò ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn oògùn. Ìwọ̀n tí kò tó máa ń jẹ́ kí kòkòrò tí agbára rẹ̀ kò ju ààbọ̀ lọ rí ọ̀nà là. Àpọ̀jù náà ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí àṣejù baba àṣetẹ́ ni: ó ń pa alántakùn, agbọ́n àti àwọn kòkòrò ọdẹ tó ń bá olóko pa ọ̀tá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń kù sára ewé tí wọ́n máa fà ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Fífín oògùn kan náà ní gbogbo ìgbà, kòkòrò ì báà wà, kò báà sí, ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rí láti ilẹ̀ mìíràn

Ní 1914, A. L. Melander, onímọ̀ nípa kòkòrò ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan láti béèrè bóyá oògùn lè má ran kòkòrò mọ́. Oògùn tí wọ́n fi ẹfun àti imí ọjọ́ sè ni wọ́n ń fín sí igi èso nígbà náà; ní àwọn oko kan kòkòrò kú, ní àwọn mìíràn púpọ̀ nínú wọn la oògùn kan náà já. Ní 1939, Paul Müller ará Switzerland ṣàwárí pé DDT ń pa kòkòrò, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1948. Ẹ̀bùn náà kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n fi rí eṣinṣin ilé ní Sweden, ní 1946, tí DDT kò pa mọ́. Ní 1953, ìròyìn jáde láti Java pé kòkòrò kábéèjì, Plutella xylostella, ti borí DDT, ọ̀pọ̀ ìdílé oògùn tó tẹ̀ lé e ló sì ti borí láti ìgbà náà. Àrùn ewé náà kò gbẹ́yìn: benomyl, oògùn àrùn ewé tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1960, pàdánù agbára rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ àrùn láàárín ọdún díẹ̀.

Ní ti èpò, wọ́n ròyìn ní 1970 pé èpò kan ní ìpínlẹ̀ Washington kò kú mọ́ bí wọ́n bá fi oògùn èpò simazine fín in. Ní 1996, irú koríko kan ní Australia borí glyphosate, oògùn èpò tó gbajúmọ̀ jù lọ láyé. Ti Amaranthus palmeri ló yẹ kó ya ará Ọ̀jọ́ lẹ́nu jù, nítorí ìbátan tẹ̀tẹ̀ ni. Bí Èkó ti ń fi owó ra tẹ̀tẹ̀ láti se ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbátan rẹ̀ yìí ń fún òwú àti sóyà pa nínú oko ní Amẹ́ríkà. Ní 2005, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia pé glyphosate kò ràn án mọ́, àwọn olóko òwú tó ti fi ọkọ́ sílẹ̀ tipẹ́ sì tún padà sí fífi ọwọ́ tu èpò. Kò sí ọrọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó gba àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí sílẹ̀.

Láti orí ewé dé orí ẹ̀fọn

Bó bá jẹ́ pé oko ẹni tó ṣi oògùn lò nìkan ni ìpalára náà ń mọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá rọrùn. Ẹni tó da eérú ni eérú ì bá tọ̀. Ìlú Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí títì Àgbádárìgì ń sin ènìyàn lọ, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Oko ẹ̀fọ́ ńlá kan wà láàárín ìlú náà ní Houéyiho. Ẹ̀fọn ń pamọ nínú omi tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì, oògùn tí wọ́n sì fín sórí ewé ń ṣàn wọ inú omi náà. Ní 2009, Anges Yadouléton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú Malaria Journal tó so oko ẹ̀fọ́ inú ìlú mọ́ bí oògùn kò ṣe ran ẹ̀fọn Anopheles mọ́ ní àwọn ìlú Benin. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà pàápàá, àwọn onímọ̀ ti ròyìn láti 2002 pé ẹ̀fọn ibà kan kò kú mọ́ bó bá pàdé pyrethroid.

Pyrethroid yìí kan náà ni wọ́n ń rẹ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí fún nẹ́ẹ̀tì, nítorí pé kò fi bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn lára. Ìdin ẹ̀fọn tó bá dàgbà nínú omi oko ẹ̀fọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí yóò pàdé lára nẹ́ẹ̀tì ọmọ tí kò dé oko rí. Kì í ṣe oko nìkan ló fa èyí: nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ àti oògùn tí wọ́n ń fín sínú ilé náà ń ṣa ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n oko ní ìpín tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú láti lo nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi chlorfenapyr kún pyrethroid rẹ̀, lẹ́yìn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Tanzania àti Benin. Nẹ́ẹ̀tì tuntun yìí wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ènìyàn ló ń san owó náà, àti ẹni tó fín oògùn àti ẹni tí kò fín in.

Ohun ìní tí kò ní ààlà

Ní 1968, Garrett Hardin ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Science pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò láìní olùṣọ́ yóò bàjẹ́, nítorí pé èrè rẹ̀ á wọ àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan, àdánù rẹ̀ á sì pín káàkiri. Ọ̀rọ̀ yìí bá agbára oògùn mu. Olóko tó fín oògùn lẹ́ẹ̀mejì ní ibi tí ẹ̀ẹ̀kan ti tó ń gba gbogbo èrè ewé tó dán. Gbogbo àdúgbò ló ń pín kòkòrò tó là á já.

Òfin ilẹ̀ Yorùbá mọ irú ohun ìní tí ẹnì kan ń lò tí kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá, Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920. Ìdájọ́ ọdún 1921 gbà pé lójú àṣà, ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ti abúlé tàbí ti ẹbí, pé kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, àti pé alágbàtọ́ ni olórí tó ń ṣàkóso rẹ̀. Nínú àṣà náà, ọmọ ẹbí lè dá oko tó wù ú, ó sì lè jẹ èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ba ilẹ̀ náà jẹ́ mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Àwọn òkú ló fi í lé àwọn alààyè lọ́wọ́ kí wọ́n lè fi lé àwọn tí wọn kò tíì bí lọ́wọ́. Bí ìlànà yìí bá tọ́ fún ilẹ̀, ó tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún agbára oògùn, torí ilẹ̀ ní ààlà tí wọ́n lè fi pèrègún sàmì sí. Kòkòrò kò mọ pèrègún.

Ìṣòro kan kù: ta ni ẹ̀bi náà wà lọ́rùn rẹ̀, nígbà tí ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó ohun tí ojú lè rí? Kò sí olóko kan ní Òkòkòmáìkò tí wọ́n lè nawọ́ sí pé òun ló ba oògùn kan jẹ́. Derek Parfit, onímọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀ ní Oxford, gbé irú ìbéèrè yìí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ Reasons and Persons ní 1984. Ó gbà pé ẹni tó bá ń wo àbájáde ìwà tirẹ̀ nìkan ń ṣìrò; ó yẹ kí ó tún béèrè bóyá ìwà tirẹ̀ jẹ́ ara ìwà púpọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe ìpalára. Ọ̀nà yìí bá ìdájọ́ àgbà Yorùbá mu, nítorí kò sí ẹbí tó máa gbà kí ọmọ wọn sọ pé ẹ̀kúnwọ́ òun nìkan kọ́ ló sọ àká di òfìfo.

Àwọn kan lè jiyàn pé kòkòrò máa borí oògùn lọ́jọ́ kan bó ti wù kó rí, pé kí wọ́n yáa lò ó nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, oògùn tuntun á dé. Ìdílé oògùn tuntun kì í sábà dé. Ọ̀pọ̀ ọdún àti owó gọbọi ni wíwá a ń gbà. Ohun tó dájú pé yóò tán kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi ṣòfò. Àwọn mìíràn á sọ pé bí àwọn kò bá fín in, aládùúgbò yóò fín in. Àríyànjiyàn yìí ní òótọ́ nínú, ó sì fi hàn pé ìwà rere ẹnì kan ṣoṣo kò lè yanjú ọ̀ràn náà. Àdéhùn ló lè yanjú rẹ̀. Elinor Ostrom, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2009, ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1990 pé àwọn ará àdúgbò lè ṣọ́ ohun àjùmọ̀lò wọn láìjẹ́ pé ìjọba gbà á tàbí pé wọ́n pín in, bí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn ṣòfin, tí wọ́n ń ṣọ́ ara wọn, tí ìyà ẹni tó rúfin sì bá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mu. Àwọn tó ti ń dá àáró àti ọ̀wẹ̀, tó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, kò ṣàjèjì sí irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ̀sìn sọ nípa kòkòrò

Àwọn ẹ̀sìn tó wọ́pọ̀ ní àdúgbò yìí kò ka pípa kòkòrò tó ń jẹ oko sí ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tó yẹ kí pípa náà mọ ni wọ́n ń wò.

Bíbélì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kí ènìyàn jọba lórí ẹ̀dá, ṣùgbọ́n ní orí kejì Jẹ́nẹ́sísì, iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún ènìyàn nínú ọgbà ni pé kí ó ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Léfítíkù orí 25 pàṣẹ pé kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje, orí náà sì tún sọ pé ti Ọlọ́run ni ilẹ̀, àtìpó ni àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Oko tó bá sinmi ń gé oúnjẹ kòkòrò kúrò, kì í sì í ṣa èyí tó le sílẹ̀. Òfin náà kò sọ èyí, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe nínú oko nìyẹn.

Al-Kùránì, nínú Súrà kẹfà, pe ẹranko orí ilẹ̀ àti ẹyẹ ojú ọ̀run ní àwùjọ bíi ti ènìyàn. Hádíìsì kan tó wà nínú àkójọ Bùkhárì àti Múslìm sọ nípa wòlíì kan tí èèrà kan ta, tó sì ní kí wọ́n sun gbogbo ilé èèrà náà. Ọlọ́run bá a wí pé nítorí èèrà kan ṣoṣo ó run àwùjọ tó ń yìn Ín. Ìlànà mìíràn nínú òfin Ìsìláàmù kọ̀ fún Mùsùlùmí láti pa ẹlòmíràn lára, tàbí láti fi ìpalára san ìpalára. Oògùn tó ti inú oko dé ibùsùn ọmọ aládùúgbò wà lábẹ́ ìlànà yẹn, bí ẹni tó fín in kò tilẹ̀ gbèrò ibi.

Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí májẹ̀mú, ẹni tó bá sì dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ìlànà tó wúlò jù fún ọ̀ràn yìí wà nínú ìṣègùn. Gbogbo oògùn ló ní èèwọ̀. Babaláwo tàbí oníṣègùn á sọ fún ẹni tó ń fún ní oògùn pé ohun báyìí ni kò gbọ́dọ̀ jẹ, ibi báyìí ni kò gbọ́dọ̀ dé. Bó bá tàpá sí i, oògùn á bàjẹ́. Oògùn oko náà ní èèwọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Bí ẹnì kan bá jẹ èèwọ̀ oògùn ìbílẹ̀, òun nìkan ni oògùn náà kọ̀ fún. Bí ẹnì kan bá jẹ èèwọ̀ oògùn oko, oògùn náà á kọ̀ fún gbogbo àdúgbò. Èèwọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jọ pa mọ́ ni.

Èèwọ̀ oògùn oko

Èèwọ̀ kìíní ni kí wọ́n má fín oògùn láìwo ewé. Ẹyin àti kòkòrò kéékèèké tí wọ́n bá tètè rí ṣeé fọwọ́ ṣà lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré. Nẹ́ẹ̀tì tó bo irúgbìn, oko tí èpò kò kún, àti pípààrọ̀ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ewédú tàbí ohun ọ̀gbìn mìíràn máa ń dín iye kòkòrò kù láìlo májèlé. Èso dóńgóyárò tí wọ́n gún tí wọ́n sì rẹ sómi wà lára ohun tí wọ́n lè lò kí wọ́n tó mú oògùn líle.

Èkejì ni pé ìdílé oògùn kan kò gbọ́dọ̀ bá ìran kòkòrò méjì pàdé tẹ̀ léra. Níbi tí tẹ̀tẹ̀ ti ń tó fà láàárín oṣù kan, ọ̀nà tó rọrùn ni kí nọ́ńbà kan wà fún ìgbìn kan, kí nọ́ńbà mìíràn sì wà fún ìgbìn tó tẹ̀ lé e. Gbogbo olóko tó wà nítòsí ara wọn gbọ́dọ̀ jọ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kálukú bá ń pààrọ̀ ní àkókò tirẹ̀, kòkòrò tó ń fò káàkiri á máa pàdé gbogbo ìdílé oògùn ní gbogbo ìgbà, pípààrọ̀ náà á sì di asán.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ ìwọ̀n: ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí wọ́n lò, kí wọ́n fi ohun ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n má sì da oògùn méjì pọ̀ láìmọ ìdílé wọn. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n dúró kí wọ́n tó fa ewé wà lára èèwọ̀ yìí.

Ẹ̀kẹrin ló ṣòro jù fún ọkàn láti gbà, ìyẹn ni dídá kòkòrò díẹ̀ sí. Ibi tí wọn kò fín oògùn sí máa ń tọ́jú àwọn kòkòrò tí oògùn ṣì ń pa. Wọ́n á fò jáde, wọ́n á gun àwọn tó la oògùn já, wọn kò sì ní jẹ́ kí àbùdá líle gbilẹ̀ kíákíá. Lórí ìlànà yìí ni wọ́n fi ní kí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbin òwú Bt, èyí tí èròjà apakòkòrò wà nínú ara rẹ̀, láti 1996 fi apá kan oko sílẹ̀ fún òwú lásán. Ó kan Nàìjíríà náà: ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí Ibùdó Ìwádìí Ọ̀gbìn ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria kópa nínú ṣíṣe rẹ̀, gba àṣẹ ní 2019, ó sì ní èròjà tó ń pa Maruca, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà, nínú ara rẹ̀. Èròjà yẹn náà lè tán lágbára bí kò bá sí ibi tí wọ́n dá Maruca sí. Ìwọ̀n tí òwe kòkòrò àti ẹ̀fọ́ ń sọ ti wá di ìlànà sáyẹ́ǹsì: ẹni tó bá fẹ́ pa kòkòrò títí lọ gbọ́dọ̀ gbà kí díẹ̀ jẹ nínú ewé òun.

Ẹni tí ẹrù náà wà lọ́rùn rẹ̀

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ọ̀pọ̀ alákùrọ̀ ní Èkó sì ń dá oko lórí ilẹ̀ tí wọ́n lè lé wọn kúrò lórí rẹ̀ nígbàkigbà tí ọ̀nà tàbí ilé bá fẹ́ gba ibẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀ máa tọ́jú agbára oògùn fún ọmọ tí wọn kò tíì bí? Ìdáhùn kan ni pé ọ̀la tí wọ́n ń sọ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìran kòkòrò kúrú. Olóko tó bá fín oògùn kan náà léraléra lè rí àbájáde rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lé e. Ìdáhùn kejì ni pé ojúṣe ń tẹ̀ lé agbára. Wọn kò lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ìdérí ìgò wọn oògùn ohun tí wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta ìgò náà fún un.

Ẹni tó ń ta oògùn ló mọ nọ́ńbà ìdílé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ ọ́ ní èdè tí ẹni tó ń rà á gbọ́, ì báà jẹ́ Yorùbá, Ègùn tàbí Haúsá. Oníbàárà tó bá gba ewé tó ní ihò díẹ̀ ti dín ẹrù olóko kù. Ìjọba ní ipò tirẹ̀. Àjọ NAFDAC fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, chlorpyrifos láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àti atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, nítorí ìlera ènìyàn àti àyíká. Òfin náà ní ìdí, ṣùgbọ́n bí oògùn tó kù ṣe ń dín ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí i lọ́rùn àwọn yòókù. Ìjọba tó bá fòfin de oògùn kòkòrò láìkọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn ń ti gbogbo àgbẹ̀ sí ìdí 3A. Nàìjíríà ti rí bí àṣìlò àwọn kan ṣe ń kan gbogbo ènìyàn: ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́ nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀, àgbẹ̀ tí kò lo dichlorvos rí sì pàdánù ọjà náà pẹ̀lú àwọn tó lò ó.

Ìdájọ́ tó bá ẹ̀rí yìí mu ni pé ẹni tó ra oògùn ni ó ni omi inú ìgò, àdúgbò ló ni agbára rẹ̀. Olóko lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó láti dáàbò bo oúnjẹ àti owó rẹ̀. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ná an tán, ìyá tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù, ìjọba tó fún un láṣẹ àti oníbàárà tó ń fẹ́ ewé dídán kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tì í débẹ̀. Kí àwọn olóko tí bẹ́ẹ̀dì wọn fara kan ara wọn ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáìkò pàdé ṣáájú ìgbìn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí nọ́ńbà tí wọ́n máa lò àti èyí tí wọ́n máa fi sílẹ̀.